Mọ́tò Ò Sítáàtì: Ẹ Fetí Sí I Kẹ́ ẹ Tó Gbówó Síta

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù kan sọ n'Ìbàdàn nìyí. Bó ṣe jáde lẹ́nu mi náà ni mo ṣe kọ ọ́, nítorí àwọn tí ò ráyè wá.)

Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ wà níjòókòó, mo kí yín o. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ooru, mo rí i pé fáànù kan ṣoṣo ló ń dá ṣiṣẹ́ nínú họ́ọ̀lù yìí. Alága, ẹ ṣé gan-an tẹ́ ẹ pè mí. Wọ́n ní kí n má ju wákàtí kan lọ, wọ́n tún ní kí n má sọ gírámà. Gírámà wo ni mo fẹ́ sọ? Ríwáyà ni mí, wáyà mọ́tò ni mò ń tú tí mò ń so, ohun tójú mi ń rí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni mo bá wá.

Akọ̀wé yín ló sọ fún mi pé àwọn tó ń sáré wá yá owó pàjáwìrì lẹ́gbẹ́ yìí, mọ́tò ni púpọ̀ nínú wọn fẹ́ fi ṣe. Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Tẹ́ ẹ bá múra tán láàárọ̀, tẹ́ ẹ wọ mọ́tò, tẹ́ ẹ yí kọ́kọ́rọ́, tí mọ́tò ò dá yín lóhùn, kí lẹ kọ́kọ́ máa ń sọ?

(Èrò: Bátìrì ni!)

Ẹ ṣé. Bátìrì! Gbogbo ayé ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ń fọ mọ́tò á ní bátìrì ni, ẹni tó ń kọjá lọ á ní bátìrì ni, mẹkáníìkì tẹ́ ẹ pè lórí fóònù tí kò tíì rí mọ́tò á ní ẹ lọ ra bátìrì. Nígbà míì òótọ́ ni o, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n tí kì í bá ṣe bátìrì ńkọ́? Ẹ ti náwó ná, mọ́tò ṣì wà níbi tó wà. À ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ sílé lónìí ni pé mọ́tò tí ò sítáàtì kì í dákẹ́. Ó ń sọ ohun tó ń ṣe é. Ohùn tó bá gbé jáde nígbà tẹ́ ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ohùn yẹn ló máa sọ ọ̀dọ̀ tẹ́ ẹ máa lọ, bóyá ọ̀dọ̀ ríwáyà ni o, bóyá mẹkáníìkì ni o, bóyá ilé epo lásán ni. Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa pín ọ̀rọ̀ mi sí ohùn mẹ́ta, lẹ́yìn ẹ̀ màá sọ ohun tí àwa fúnra wa fi ń pa mọ́tò, lẹ́yìn ìyẹn ẹ lè bi mí ní ìbéèrè.

Ohùn kìíní: ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, tàbí ó ń ṣe kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́

Ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ gbọ́ kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́, iná dásíbọ́ọ̀dù ń ṣẹ́jú, ó ń rẹ̀ sílẹ̀. Èyí ni iná ò tó. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, mo ní iná ò tó, mi ò ní bátìrì ti kú. Iná lè wà nínú bátìrì kó má lè dé ibi tó ń lọ.

Màmá kan wà tó jẹ́ tíṣà, Camry ló ń gùn. Ó ti ra bátìrì méjì láàárín oṣù díẹ̀ kó tó wá bá wa. Ó ní, "Bọ̀dá Ríwáyà, ẹ bá mi wò ó, bátìrì yìí náà tún ti kú." Mo gbé mítà tó ń wọn iná lé bátìrì, mo rí fólítì 12.6. Bátìrì tó yó dẹ́nu nìyẹn o tí mọ́tò bá wà ní pípa. Mo ní kí wọ́n kíìkì mọ́tò, ìyẹn kí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ kí ẹ́ńjìnnì lè yí, ó ṣe kẹ́kẹ́kẹ́. Mo wá gbé ẹsẹ̀ mítà kan sórí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, mo gbé ìkejì sára irin ẹ́ńjìnnì, mo ní kí wọ́n tún un kíìkì. Ibi tó yẹ kí n rí ìdajì fólítì tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, mo rí fólítì mẹ́rin! Iná ń ṣòfò sójú ọ̀nà. Mo tọ wáyà ẹ́ẹ̀tì, èyí tó so nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì mọ́ irin mọ́tò, lọ síbi tí wọ́n dè é mọ́ bọ́dì, ó ṣe tán, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun mọ́tò náà ni, ẹni tó kùn ún ti da ọ̀dà bo ojú irin yẹn, ó wá dé bọ́lìtì padà lé ọ̀dà lórí. Ọ̀dà ò sì í gbé iná. Sáńpépà kékeré kan ni mo fi ha á títí irin fi ń dán, mo dè é padà, mọ́tò mú lẹ́ẹ̀kan náà. Bátìrì méjì o, ẹ̀yin èèyàn mi, nítorí ọ̀dà tí kò tó àtẹ́lẹwọ́!

Torí náà kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wo orí bátìrì. Ṣé lẹ́búlẹ́bú funfun tàbí aláwọ̀ ewé wà níbẹ̀? Ṣé tẹ́ ẹ fọwọ́ mì í, ó ń mì? Tó bá ń mì, ẹ dè é. Tó bá hu lẹ́búlẹ́bú, ẹ tú nẹ́gẹ́tíìfù kọ́kọ́, ẹ tú pọ́sítíìfù tẹ̀lé e, ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ dè é padà, pọ́sítíìfù ló máa kọ́kọ́ wọlé báyìí, ẹ fi gíríìsì díẹ̀ pa á lórí. Kò ná yín ní nǹkan kan.

Tó bá wá jẹ́ bátìrì lóòótọ́ ńkọ́? Mítà ò gbówó lórí, ẹ ra ọ̀kan sínú mọ́tò. Láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó sítáàtì, 12.6 ti kún, 12.2 ti tó ìlàjì, tó bá ti wálẹ̀ kọjá 12 ó ń fẹ́ chájì. Tẹ́ ẹ bá ń kíìkì tó já wá sísàlẹ̀ 9.6, tó sì jẹ́ pé ẹ ti chájì í dáadáa tẹ́lẹ̀, bátìrì yẹn ti rẹ̀. Ooru ilẹ̀ wa yìí ló sì ń tètè rẹ̀ ẹ́, ooru ń ba inú ẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ò mọ̀. Ẹ wá lọ síbi tí wọ́n ti ń chájì, wọ́n ṣí ojú ẹ̀, wọ́n da ásíìdì sí i. Ta ló ní kí wọ́n da ásíìdì? Omi ló ń gbẹ nínú bátìrì, ásíìdì kì í gbẹ, omi dístílìdì ló yẹ kí wọ́n dà á sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tún ń gbé bátìrì mọ́tò wọlé lálẹ́ láti fi tan gílóòbù àti tẹlifíṣàn tí wọ́n bá ti mú iná lọ, mo ń wò yín o, mi ò ní dárúkọ. Wọn ò ṣe bátìrì mọ́tò kí èèyàn máa fà á gbẹ, tẹ́ ẹ bá ń ṣe é bẹ́ẹ̀ kò ní pẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ó tún wà tí iná dásíbọ́ọ̀dù máa mọ́lẹ̀ kedere, tẹ́ ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ gbọ́ kọ́! ẹ̀ẹ̀kan péré, ó parí. Èyí sábà máa ń jẹ́ kíkì-sítátà, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi iná bátìrì yí ẹ́ńjìnnì kó tó mú: káábọ́ọ̀nù inú ẹ̀ ti jẹ tán, tàbí ojú sólínọ́ìdì, síwíìsì ńlá tó wà lára ẹ̀, ti jó. Tẹ́ ẹ bá rí ríwáyà tó fi sípánà gbá a jẹ́jẹ́ tí mọ́tò wá mú, kó gbé yín délé ni, kò tíì wo àrùn kankan. Kẹ́ ẹ má sì bínú sí kíkì-sítátà jù, nítorí ó nígbà tí ò sí. Cadillac ọdún 1912 ló kọ́kọ́ gbé e jáde fún títà, ọkùnrin Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Charles Kettering ló darí iṣẹ́ ẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn irin ni wọ́n ń kì bọ iwájú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n á máa fọwọ́ yí i, ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ bá bọ̀lẹ̀kájà láyé mọ irin tí mò ń wí, tó bá ta padà ó lè dá lápá.

Tó bá dákẹ́ pátápátá, kò ṣe kẹ́, kò ṣe kọ́, tí iná sì wà? Ẹ kọ́kọ́ wo gíà. Mọ́tò ọtọmátíìkì ò ní kíìkì tí gíà ò bá sí ní P tàbí N, nígbà míì síwíìsì tó wà níbẹ̀ á ti gbó, á máa kọ̀ ní P. Ẹ gbé e sí N, ẹ tẹ búréèkì, ẹ tún un yí. Àwọn oní-bọ́tìnnì náà, ẹ̀yin ọlọ́lá, ṣé ẹ tẹ búréèkì dáadáa kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnnì? Ṣé bátìrì pẹlẹbẹ inú kọ́kọ́rọ́ yín ò tíì kú? Tó bá jẹ́ Toyota, ẹ gbé ojú kọ́kọ́rọ́ tó ní àmì Toyota kan bọ́tìnnì yẹn gan-an, ẹ tẹ̀ ẹ́, á mú. Mo ti rí ẹni tó fi tówù fa mọ́tò wá sọ́ọ̀bù wa nítorí bátìrì inú kọ́kọ́rọ́.

Ohùn kejì: ó ń kíìkì dáadáa, ṣùgbọ́n kò mú

Èyí ni tìrìgì-tìrìgì-tìrìgì, ó ń yí, agbára wà níbẹ̀, kò kàn fẹ́ mú ni. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ èyí, ẹ gbàgbé bátìrì. Mo tún un sọ: ẹ gbàgbé bátìrì! Tẹ́ ẹ bá ń kíìkì lọ láìdúró, ìgbà yẹn lẹ máa wá pa bátìrì àti kíkì-sítátà mọ́ ọn, àrùn kan á di mẹ́ta. Kò gbọdọ̀ ju bíi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ jẹ́ kó sinmi.

Epo ni ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Gééjì epo ń parọ́, pàápàá tí mọ́tò bá wà lórí òkè. Tẹ́ ẹ bá dá a lójú pé epo wà, ẹ pa réédíò, ẹ pa AC, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná dásíbọ́ọ̀dù ti ń tàn, ẹ má tíì kíìkì. Ẹ fetí sí ẹ̀yìn, lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn níbi tí táǹkì wà. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò ẹ máa gbọ́ ṣùùùn fún bíi ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Fúẹ́lì pọ́ǹpù tó ń ti epo lọ sí ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé mọ́tò yín máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀, tó wá dákẹ́, ó lè jẹ́ fíúsì, ó lè jẹ́ rílée, síwíìsì kékeré tó ń fún pọ́ǹpù níná, ó lè jẹ́ pọ́ǹpù fúnra ẹ̀.

Kí ló ń pa pọ́ǹpù lóde òní? Ẹ rántí ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ọjọ́ tí wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni lítà epo kúrò ní nǹkan bíi 190 náírà tó wọ 480 sókè. Láti ìgbà yẹn, ta ló ń kún táǹkì mọ́? Gbogbo wa là ń ra díẹ̀díẹ̀, iná epo á máa tàn lójú wa láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Inú epo ni pọ́ǹpù ń gbé, epo yẹn ló ń tù ú lára. Téèyàn bá wá ń fi epo ìsàlẹ̀ táǹkì rìn lójoojúmọ́, bí ìgbà téèyàn gbé ìkòkò òfìfo kaná ni. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ kún un o, mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílùú. Ṣùgbọ́n kó tó ku ìdá kan nínú mẹ́rin, ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ fi nǹkan sí i.

Epo burúkú tún wà. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, epo tí methanol, irú ọtí kẹ́míkà kan, pọ̀ jù nínú ẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí láti òkè òkun, ìjọba fúnra ẹ̀ jáde sọ ọ́ ní oṣù kejì. Methanol ń fa omi mọ́ra, ó sì ń jẹ rọ́bà tí wọn ò ṣe fún un. Ẹni tó ra epo nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nígbà tí epo ò bá sí, kó má bi mí léèrè ohun tó wà nínú ẹ̀. Tí mọ́tò bá kúrò nílé epo, tó rìn díẹ̀, tó ń gbọ̀n, tó kú, tí kò mú mọ́, ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ ti ra epo fún mẹkáníìkì kó tó máa tú ẹ́ńjìnnì.

Tí epo bá ń dé, ẹ wo dásíbọ́ọ̀dù. Ṣé iná kọ́kọ́rọ́ kékeré kan ń ṣẹ́jú? Ti Honda máa ń jẹ́ aláwọ̀ ewé, ti Toyota pupa. Sìkiọ́rítì nìyẹn, mọ́tò ò mọ kọ́kọ́rọ́ tẹ́ ẹ kì bọ̀ ọ́. Ẹ lọ gẹ́ kọ́kọ́rọ́ nígboro, ó wọlé, ó yí, mọ́tò kíìkì, kò mú, nítorí ṣíípù kékeré tó wà nínú orí kọ́kọ́rọ́ àkọ́kọ́ ò sí nínú eléyìí. Kí wọ́n wá sọ fún yín pé bírénì-bọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ti jó! Ẹ lo kọ́kọ́rọ́ àkọ́kọ́ wò ná.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Honda kan, ìtàn yẹn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Accord ayé ọdún 1990 sí nǹkan. Láàárọ̀ á mú, ẹ̀ẹ̀kan. Ọ̀sán gangan, tó bá ti wà nínú oòrùn tí wọ́n ti gbogbo gíláàsì, kò ní mú. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ tí atẹ́gùn fẹ́ sí i, á tún mú. Ọkùnrin tó ni ín ti pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì, ó ti pààrọ̀ pọ́ǹpù, ó wá kù sọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n sọ fún un pé ará ilé ẹ̀ ló di mọ́tò náà mú, ó ti gbààwẹ̀ nítorí ẹ̀. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ààwẹ̀ dáa, ẹ máa gbà á lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tú abẹ́ dásíbọ́ọ̀dù. Rílée kan wà níbẹ̀ tó ń fún fúẹ́lì pọ́ǹpù níná, gbogbo àwa tó ti tú Honda ìgbà yẹn la mọ̀ ọ́n. Lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi jó ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́lẹ̀ máa ń là, ìlà tín-ínrín bí irun. Tí ooru bá mú, ojú ibẹ̀ á ṣí, iná ò ní kọjá, tó bá tutù á tún padà kanra. Mo fi áyọ́ọ̀nù jó o padà. Bí a bá rọra pa eèrà, a ó rí ìfun inú ẹ̀. Wọn ò di mọ́tò ẹnikẹ́ni mú.

Ti iná pọ́lọ́ọ̀gì, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀: àwọn mọ́tò àtijọ́ tó ní dìstríbútọ̀ tó ń pín iná fún pọ́lọ́ọ̀gì, tẹ́ ẹ bá ti fi omi fọ ẹ́ńjìnnì wọn, wọ́n lè kọ̀ títí omi á fi gbẹ. Sẹ́ńsọ̀ náà wà, kíráńkì sẹ́ńsọ̀ pàápàá, tí ìyẹn bá kú bírénì-bọ́ọ̀sì ò ní mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ń yí, kò ní fún un níná. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà nìyẹn, ẹ gbé e fẹ́ni tó ní ẹ̀rọ tó ń kà á. Àwọn eku náà ò gbẹ́yìn, mọ́tò tó bá dúró pẹ́ nílé, ẹ wo wáyà ẹ̀ kẹ́ ẹ tó bú ẹnikẹ́ni.

Ohùn kẹta: èyí tẹ́ ẹ bá gbọ́, ẹ jáwọ́

Èyí kúrú ṣùgbọ́n ó lágbára. Tẹ́ ẹ bá kíìkì, tó ń yí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wìrìwìrìwìrì, ó yá ju bó ṣe máa ń ṣe lọ, bíi pé kò sí nǹkan nínú ẹ̀, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́. Ó lè jẹ́ pé táímìn bẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀tì inú ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ́ kí písítìnnì àti fáàfù máa bára wọn rìn, ti já. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tún un kíìkì ni písítìnnì ń gbá fáàfù, owó yín ló ń fọ́ yẹn.

Ìkejì ni omi. Ìgbà òjò, ẹ wọ àgbàrá, omi bo bọ́ńpà, mọ́tò kú sáàárín ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá àti bàbá mi, ẹ má yí kọ́kọ́rọ́ yẹn mọ́! Ẹ jẹ́ kó kú síbẹ̀. Omi tó bá ti gba ibi fílítà atẹ́gùn wọ inú ẹ́ńjìnnì, kì í ṣeé fún pọ̀ bí atẹ́gùn. Písítìnnì á gòkè, á bá omi níbẹ̀, omi ò ní sún, irin ló máa tẹ̀. Ẹ tì í kúrò nínú omi, kí mẹkáníìkì ṣí fílítà wò, tó bá tutù kó tú pọ́lọ́ọ̀gì kí omi jáde kẹ́nikẹ́ni tó kíìkì í. Ẹni tó ṣe èyí á pààrọ̀ ọ́ìlì, ẹni tí kò ṣe é lè ra ẹ́ńjìnnì míì.

Ohun tí àwa fúnra wa fi ń pa á

Ẹ má bínú sí mi, àwa oníṣẹ́ náà wà nínú èyí. Mọ́tò ti mú, ẹnìkan á ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ọ́tánétọ̀, ẹ̀rọ tó ń chájì bátìrì tí mọ́tò bá ti mú, ń ṣiṣẹ́, á wá tú orí bátìrì kúrò nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ta ló kọ́ wa? Mọ́tò ayé Peugeot 504, ó ṣeé gbà mọ́ra. Mọ́tò òní kún fún kọ̀ǹpútà, ìgbà tẹ́ ẹ bá já bátìrì báyẹn, iná ọ́tánétọ̀ lè ta sókè lẹ́ẹ̀kan náà kó sun bírénì-bọ́ọ̀sì. Ẹ gbé mítà lé bátìrì dípò ẹ̀: tí mọ́tò bá ń ṣiṣẹ́ tó wà láàárín 13.8 sí 14.4, ó ń chájì. Tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó fẹ́ tú orí bátìrì mọ́tò yín lórí ìdúró báyẹn, ẹ di ọwọ́ ẹ̀ mú.

Jọ́ńpà náà ńkọ́, wáyà tí wọ́n fi ń yá iná lára bátìrì mọ́tò míì? Pupa sórí pọ́sítíìfù bátìrì tó kú, pupa kejì sórí pọ́sítíìfù èyí tó dáa, dúdú sórí nẹ́gẹ́tíìfù èyí tó dáa, dúdú tó kẹ́yìn sára irin ẹ́ńjìnnì mọ́tò tó kú, kó jìnnà sí bátìrì, nítorí gáàsì tó ń jáde lára bátìrì lè gbiná tó bá rí ẹ̀ta iná. Ẹni tó bá fi pupa sí ibi dúdú, fíúsì ńlá, ọ́tánétọ̀, bírénì-bọ́ọ̀sì, kó bẹ Ọlọ́run kó mú ọ̀kan péré.

Ìbéèrè

Ìyá kan bi mí pé ṣé kí wọ́n máa ti mọ́tò òun tó bá kọ̀. Ìyá mi, gíà wo ni? Ọtọmátíìkì. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yẹn sinmi. Tí ẹ́ńjìnnì ò bá yí, ọ́ìlì inú gíà ọtọmátíìkì ò ní í ní agbára tó fi máa so táyà pọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n tì í dé Ọ̀yọ́, kò ní mú. Gíà àfọwọ́yí nìkan ni wọ́n ń tì.

Bàbá tó wà lẹ́yìn yẹn, ẹ ṣé, ìbéèrè yín dáa: wọ́n ní tí wọ́n bá fi jọ́ńpà sítáàtì í, ó ń mú, tó bá di ọjọ́ kejì ó tún kú, ṣé bátìrì ni àbí ọ́tánétọ̀? Ó lè jẹ́ èyíkéyìí, ó sì lè jẹ́ ẹ̀kẹta: nǹkan kan lè máa jẹ iná lálẹ́ tẹ́ ẹ bá ti sùn. Àwọn tó so tíráká, àwọn tó so ámífáyà orin, iná búùtù tí kò kú. Tí 14 bá wà lórí mítà nígbà tí mọ́tò ń ṣiṣẹ́, ọ́tánétọ̀ bọ́ nínú ẹjọ́. Ẹ wá tú nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì sílẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn. Tẹ́ ẹ bá dè é padà láàárọ̀ tí mọ́tò sì mú, nǹkan kan ló ń jẹ iná. Tí kò bá mú, tó jẹ́ pé ẹ chájì í kún lálẹ́ àná, bátìrì ni, ìgbà yẹn ẹ lè lọ ra tuntun, mi ò ní bá yín jà.

Bàbá, ṣé mọ́tò náà lẹ gbé wá? Ó wà níta? Ó dáa, mítà wà nínú báàgì mi. Ẹni tó bá ní tiẹ̀ níta náà kó lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, ti Bàbá la máa kọ́kọ́ wò.